Àdàlú Olùdíje

Mo rí i nígbà tí ó gbé ṣíbí sókè, mo sì mọ ohun tó fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ibi tí mo wà jìnnà. Mo bá sáré. Obìnrin bíi tèmi, tí orúnkún ti ń dùn, mo ká ìró mi sókè nínú oòrùn Ìjàmọ̀, mo ń sáré gba ẹ̀gbẹ́ ìlà àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ òtútù, mo ń ju ọwọ́ sí àbúrò mi pé kó panu mọ́. Kànmí rí mi. Ó rò pé mò ń kí òun ni. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó kọjú sí gbogbo ìlà gbọọrọ yẹn, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ tó fi ń bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀ sọ ọ́ jáde.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá jẹun o."

Ẹlẹ́rìí tó wà lọ́rùn ẹ̀wù rẹ̀ tan iná pupa. Ó ní, "Mo gbọ́."

Gbogbo ìlà yíjú sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dá a lóhùn láti iwájú títí dé ẹ̀yìn, bí wọ́n ṣe ń dá ẹnikẹ́ni lóhùn: á gba ibi ire o, á gba ibi ire. Kànmí ti ṣíbí bọ ẹnu. Àdàlú ni, èmi ni mo sè é, èmi ni mo sì gbé e fún un ní àárọ̀ pé kó jẹ ẹ́ níbi tí ojú kò tó o. Ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú gbogbo ìlú.

Mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mi ò lè mí dáadáa. Mo ní, "Kànmí, o ti pa wá."

Ó wo iná pupa tó wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni mo ṣe?"

Ẹlẹ́rìí yẹn kò ju bọ́tìnnì lọ, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì tó ń gbọ́ràn ju ìyá ọkọ lọ ni. Àjọ ìbò ló fi mọ́ gbogbo olùdíje lọ́rùn lọ́jọ́ tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ fún ìbò pàjáwìrì yìí, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ yọ ọ́ títí ìbò yóò fi parí, kódà nínú balùwẹ̀. Ohunkóhun tí olùdíje bá ní òun fẹ́ fún aráàlú, Ẹlẹ́rìí á ní òun gbọ́. Bó bá ṣe é, á ní ó ti ṣe é, iná á sì di àwọ̀ ewé. Bí ọjọ́ ìbò bá mọ́ bá iná pupa, orúkọ olùdíje yẹn ti kúrò nìyẹn. Olùdíje kan lápá òkè sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun á ra bàtà fún un. Ìyàwó kò jẹ́ kó gbádùn títí ó fi rà á, ó ní aráàlú ni òun náà.

Nítorí ìdí èyí, ìpolongo ọdún náà dùn ún wò. Kò sí ẹni tó ń sọ ohunkóhun. Olóyè Láṣẹ̀hìndé, tó ń bá Kànmí du àga Ìjàmọ̀, kò tiẹ̀ la ẹnu rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti fi Ẹlẹ́rìí mọ́ ọn lọ́rùn. Á wọ agbádá onífáànù rẹ̀, fáànù kéékèèké inú rẹ̀ á máa fẹ́ ẹ títí á fi wú bí ẹ̀bà tó gba omi jù, á máa rìn kiri, á máa juwọ́. Wọ́n lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ gbogbo ògiri, ohun tí wọ́n sì kọ sí abẹ́ rẹ̀ kò ju "Ẹ kú oòrùn" lọ.

Òun náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó ń bọ èèyàn lọ́wọ́ lórí ìlà ni nígbà tí Kànmí sọ̀rọ̀. Gbogbo ènìyàn dáhùn, òun kò dáhùn. Ó kàn wo iná pupa yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, agbádá rẹ̀ sì ń gbọ̀n.

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ fa agbádá ọ̀hún ya. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Bí kì í bá ṣe ti Láṣẹ̀hìndé, kí ló máa gbé èmi àti àbúrò mi dé inú òṣèlú? Ẹ̀rọ sólà ni Kànmí ń tún ṣe jẹ́jẹ́ rẹ̀. Láṣẹ̀hìndé ló wà nílé aṣòfin Ẹkùn Ìwọ̀-Odò fún wa tẹ́lẹ̀, tàbí ká sọ pé òjìji rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Gbogbo wọn ló ní òjìji, àwòrán oníná tó jókòó sórí àga, tó ń mí, tó ń nu ojú. Wọ́n ti tò ó kó máa mi orí sí gbogbo àbá tí wọ́n bá kà, kí wọ́n má baà máa dààmú. Àwọn fúnra wọn wà ní ibi tó tutù. Àbá pé kí wọ́n tú ẹ̀rọ ilé-òtútù Ìjàmọ̀, níbi tí gbogbo ìlú ti ń sá fún oòrùn, kúrò, kí wọ́n gbé e lọ sí olú-ìlú, dé iwájú ilé. Òjìji Láṣẹ̀hìndé mi orí. Òjìji gbogbo wọn mi orí. Wọ́n tú ẹ̀rọ wa lọ.

Ọjọ́ tí àṣírí tú, iná ló lọ. Àwọn ọmọ ilé ìwé wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣòfin, wọ́n jókòó sókè, iná sì lọ pàì. Gbogbo aṣòfin pòórá lórí àga. Ẹni kan ṣoṣo ló kù, bàbá àgbàlagbà kan láti apá ìsàlẹ̀ odò, òun náà ń sùn. Báyìí ni wọ́n ṣe tú ilé ká, tí wọ́n ní ká dìbò tuntun kíákíá. Láṣẹ̀hìndé kò tijú, ó tún jáde. Òfin kò dí i lọ́wọ́. Òjìji rẹ̀ ni wọ́n dá lẹ́bi.

Láti ìgbà tí ilé-òtútù ti kú, aṣọ tútù ni Mọ̀ọ́mi wa máa ń dì mọ́rí láti àárọ̀ títí oòrùn á fi rọ̀. Ọkọ̀ òtútù tó ń wá kò lè gba gbogbo ènìyàn, ẹni tó bá sì wọ inú rẹ̀ kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi ní kó bọ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ni Mọ̀ọ́mi dákú lórí ìlà. Kànmí gbé e mọ́ra wá sílé, ó sì forúkọ sílẹ̀ fún ìbò ní ọjọ́ kejì. Ohun tó sì ń bí mi nínú jù ni pé kò lè sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bó bá ní òun á gbé ẹ̀rọ padà wá, Ẹlẹ́rìí á gbọ́, á sì ní kó gbé e dé kí ìbò tó dé. Ìpolongo rẹ̀ kò ju pé kó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé-òtútù tí wọ́n tì pa, kó máa nu òógùn ojú Mọ̀ọ́mi, kó sì máa kí àwọn tó ń kọjá. Ìlú yé e. Wọ́n ti ń fẹ́ràn rẹ̀.

Àfi kó lọ pe gbogbo ìlú wá jẹun.

Ní ọjọ́ kejì, mo mú un lọ sí ọ́fíìsì Ìyáàfin Tẹ́là, tí í ṣe ọ̀gá àjọ ìbò ní Ìjàmọ̀. Obìnrin kékeré ni, kì í gbóhùn sókè, kì í sì í rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́. Mo ní kí wọ́n bá wa pa iná yẹn, pé kí ni ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe níbi tí wọn kì í ti í fi oúnjẹ lọ ara wọn mọ̀ nípa ọmọlúàbí? Ó ní òun kò lè pa á. Mo ní ó dáa, mo máa se àdàlú fún gbogbo ìlà yẹn, kí a parí rẹ̀. Ó ní bí mo bá dán an wò, òun á yọ orúkọ Kànmí lójú ẹsẹ̀, nítorí ẹnikẹ́ni tó bá fún olùdìbò ní oúnjẹ nígbà ìpolongo, ìbáà ṣe ẹ̀pà, ó ti fi ra ìbò.

Mo bi í pé, "Ṣé bó bá bọ́ wọn, ó jẹ̀bi?"

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Bí kò bá sì bọ́ wọn ńkọ́?"

Ó ní ó jẹ̀bi.

Mo bú sẹ́rìn-ín, kì í ṣe pé ó dùn mọ́ mi. Ìyáàfin Tẹ́là dúró kí n rẹ́rìn-ín tán, ó wá ní ọ̀nà kan ló kù. Òun á pe gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà jọ sí gbọ̀ngán ilé ìwé. Kí Kànmí dìde níwájú wọn, kó búra pé òun kò ní in lọ́kàn, pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ẹlẹ́rìí á gbà, iná á kú, kálukú á máa lọ sílé rẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin fún obìnrin yẹn, inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tó rọrùn tó o. Ta ni kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni? Bí a bá ń jẹun tí ènìyàn sì dé, a ó pè é, á ní á gba ibi ire, ó parí. Àní ẹni tó bá fa àga jókòó ti oúnjẹ ẹni ẹlẹ́ni, a kì í gbàgbé rẹ̀. Mo yíjú sí Kànmí kí n bá a yọ̀, mo rí i pé ojú rẹ̀ ti yí padà.

Gbogbo ọ̀nà títí dé ilé ni mo fi bẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u, mo tún bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ló tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹnì kan bá na ọwọ́ lọ́jọ́ yẹn, ǹ bá fún un. Báwo ni mo ṣe máa búra pé mi ò ní in lọ́kàn?"

Mo ní, "Kò sí ẹni tó na ọwọ́!"

"Èyí jẹ́ tiwọn. Tèmi ni mo ń sọ. Àwọn èèyàn yìí, ẹnu lásán ni gbogbo ẹni tó ti ń bá wọn sọ̀rọ̀ fi ń bá wọn sọ ọ́. Ṣé kí n lọ búra fún wọn pé bákan náà ni èmi?"

Mo wọlé, mo gbá ilẹ̀kùn. Mo sunkún ní kíṣìnì, mo sì gbé ẹ̀wà kaná nítorí Mọ̀ọ́mi ní òun fẹ́ jẹ àdàlú, òórùn tàná ti wọ òun nímú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbọ̀ngán ilé ìwé kún fọ́fọ́. Mo mú Mọ̀ọ́mi dání torí kò sí ẹni tí mo lè fi í sílẹ̀ fún. Mo fi aṣọ tútù wé orí rẹ̀, mo gbé àdàlú rẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀ nínú abọ́ onídèérí. Olóyè Láṣẹ̀hìndé wà lórí àga iwájú, fáànù inú agbádá rẹ̀ ń kùn. Ìyáàfin Tẹ́là ní kí Kànmí dìde, ó bi í bóyá ó ṣe tán láti búra.

Kànmí ní òun kò ní búra. Ó ní òun pè wọ́n tọkàntọkàn.

Mo gbọ́ tí gbọ̀ngán kùn. Mo bojú. Láṣẹ̀hìndé gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ti ń gbé àga aṣòfin bọ̀ fún.

Ìyáàfin Tẹ́là wo Kànmí, mo sì rí ohun kan lójú rẹ̀ tí n kò rí tẹ́lẹ̀. Ó ní ó dáa, òun á bi àwọn tí wọ́n ṣe ìlérí náà fún. Ó ní kí ìyá kan tó wà níwájú dìde, ó bi í bóyá ó gbọ́ nígbà tí olùdíje yìí pè é wá jẹun. Ìyá náà ní òun gbọ́. Ó bi í bóyá Kànmí fún un ní oúnjẹ. Ìyá náà wò ó bí ẹni pé orí rẹ̀ kò pé.

Ó ní, "Ṣé kí n wá gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọlọ́mọ ni? Mo ti ní á gba ibi ire."

"Ṣé ó wá jẹ yín ní gbèsè oúnjẹ?"

"Ó ti fi lọ̀ mí, mo ti dúpẹ́. Kí ló tún kù?"

Ìyáàfin Tẹ́là ní kó jókòó. Ó bi ẹlòmíì, ohun kan náà ni. Ó bi wọ́n títí dé ẹ̀yìn. Ọkùnrin kan tilẹ̀ bínú pé ìbéèrè náà ń tàbùkù òun, pé ṣé òun jọ ẹni tí ń bá ènìyàn jẹun lójú ọ̀nà. Nígbà tó bi wọ́n tán, ó ní òfin wà pé bí ẹni tí a ṣèlérí fún bá ti dá a padà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ìlérí náà ti kúrò lọ́rùn ẹni tó ṣe é. Ó ní kí Ẹlẹ́rìí wò ó bóyá ó ku ẹnì kan tí kò tíì dáhùn.

Iná pupa kò kú. Láṣẹ̀hìndé dìde. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìgbà ìpolongo nìyẹn, ó sì ti ya díẹ̀ nítorí kò lò ó.

Ó ní, "Èmi wà níbẹ̀. Ó pè mí, mi ò sọ pé rárá. Mo ṣì ń retí oúnjẹ mi."

Ẹ wo ènìyàn. Gbogbo gbọ̀ngán ló pòṣé lẹ́ẹ̀kan náà. Àgbàlagbà, olóyè, ó dìde níwájú ìlú ó ní òun ń retí oúnjẹ tí wọ́n fi lọ òun. Mo ti ń wá bàtà mi. Ṣùgbọ́n Ìyáàfin Tẹ́là tẹ ojú gíláàsì ẹ̀rọ tó wà níwájú rẹ̀, ó ka ohun tó wà níbẹ̀, ó wá béèrè lọ́wọ́ Olóyè ibi tó ti ń dìbò. Láṣẹ̀hìndé kò fẹ́ dáhùn. Ìyáàfin bá dá ara rẹ̀ lóhùn. Ó ní olú-ìlú ni, pé òfin gbà fún un láti díje nílé bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe olùdìbò Ìjàmọ̀. Ẹni tí kì í bá ṣe olùdìbò wa, a lè fún un ní oúnjẹ, kì í ṣe ríra ìbò.

Kànmí kò jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó ti wá síwájú Mọ̀ọ́mi, ó kúnlẹ̀, ó ní Mọ̀ọ́mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní oúnjẹ yín. Mọ̀ọ́mi gbé abọ́ náà lé e lọ́wọ́ láìbéèrè nǹkan kan. Ó ní kó sọ fún ọkùnrin náà pé ata rẹ̀ kò pọ̀.

Kànmí fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Olóyè, ó sì ṣí ìdérí. Òórùn epo pupa àti ẹja yíyan gba gbọ̀ngán kan. Oúnjẹ àtẹ̀pọ̀ tí àwọn olówó ń gbé mì bí oògùn ni Láṣẹ̀hìndé ti ń jẹ láti ọjọ́ tó ti di aṣòfin, gbogbo wa la mọ̀. Ọ̀fun rẹ̀ lọ sókè, ó wá sílẹ̀. Kí ó gbà á o, kí ó kọ̀ ọ́ o, ẹjọ́ ti parí. Mo rò pé òun náà rí i bẹ́ẹ̀, ó sì pinnu pé kò yẹ kí òun fi ẹjọ́ àti àdàlú ṣòfò pọ̀. Ó jókòó. Ó pa fáànù agbádá rẹ̀ kó má baà fẹ́ oúnjẹ dànù. Ó bu ṣíbí kan, ó jẹ ẹ́.

"Ó ti ṣe é," ni Ẹlẹ́rìí Kànmí wí, iná rẹ̀ sì di àwọ̀ ewé.

Kò sí ẹni tó pariwo. Kàkà bẹ́ẹ̀, gbogbo wa ń wo Láṣẹ̀hìndé. Ó tún bu ṣíbí kejì. Ó gbé e sókè, ó sì bá ojú gbogbo ìlú pàdé. Ọmọ Ìjàmọ̀ ni, ohun yòówù tó lè jẹ́. Òun nìkan ló gbé oúnjẹ síwájú, ènìyàn yí i ká, àgbà àti èwe, kò sì tíì pe ẹnikẹ́ni. Mo rí i bí ó ṣe ń bá ẹnu rẹ̀ jà. Ó fẹ́ gbé ṣíbí wọlé, kò lè gbé e wọlé. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ wá jẹun."

"Mo gbọ́," ni Ẹlẹ́rìí rẹ̀ wí.

Ṣíbí bọ́ sínú abọ́. Kànmí ló kọ́kọ́ dá a lóhùn, kíá, bí ẹni tó ń di ènìyàn mú kó má ṣubú. Ó ní, "Á gba ibi ire, Olóyè." Àwọn ènìyàn tẹ̀ lé e. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn ọkùnrin náà, ẹnu ló mọ̀ ọ́n sọ. Ó lọ láti ìlà iwájú dé ẹ̀yìn, ó gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé padà wá, Láṣẹ̀hìndé sì ń mi orí sí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó ń dúpẹ́, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Mọ̀ọ́mi náà dáhùn. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti dé orí ahọ́n tèmi, mo fi eyín há a mọ́bẹ̀.

Ìyáàfin Tẹ́là ní kí Ẹlẹ́rìí Olóyè wò ó bóyá ó ku ẹnì kan. Pupa ni. Ó wò kiri, ojú rẹ̀ sì kan mi.

Kànmí ti mọ̀. Láti kékeré ló ti mọ̀ mí. Ó rọra mi orí sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́."

Mo fẹ́ràn àbúrò mi, ó sàn jù mí lọ, mi ò sì fi bò. Ṣùgbọ́n mo wo Mọ̀ọ́mi. Aṣọ orí rẹ̀ ti gbẹ, ó ń fi ọwọ́ fẹ́ ara rẹ̀, kò sì sí oúnjẹ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ìjàmọ̀ ni mo ti ń dìbò láti ìgbà tí mo ti tó ìbò dì, Ìyáàfin Tẹ́là mọ̀, Láṣẹ̀hìndé náà mọ̀. Mo dìde, mo fa àga mi la àárín gbọ̀ngán kọjá títí mo fi dé iwájú rẹ̀, mo jókòó, mo sì ká ọwọ́ aṣọ mi sókè.

Mo ní, "Ẹ ṣeun, Olóyè. Ẹ fún mi ní ṣíbí."